Ibi tí nọ́ńbà ti wọlẹ̀ ni irin wà

Àbúrò kan tó wà lọ́dún ìkẹyìn ní yunifásítì fi máàpù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti fi bírò pupa yí ibi tí òòfà ilẹ̀ ti le jù po, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ibí ni kí wọ́n gbẹ́." Àyà mi já. Irú àmì pupa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ wíwá irin lábẹ́ ilẹ̀ yìí, n kò sì tíì gbàgbé.

Ìhà Òkènè ní ìpínlẹ̀ Kogí la wà nígbà náà, kò jìnnà sí Itakpe, níbi tí òkúta irin wà. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ tó ń wọn òòfà. Ìgò kékeré kan ló wà lórí ọ̀pá rẹ̀, wọ́n fi wáyà wé e lára, kẹrosíìnì ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kẹrosíìnì tí a fi ń dáná. Bí iná bá kọjá nínú wáyà, á to àwọn hóró haidirojíìnì inú kẹrosíìnì sójú kan; bí iná bá kú, wọ́n á máa mi orí yípo bí òkòtó tó fẹ́ ṣubú. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ń yí tó bíi ìgbà 1,400 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibi tí wọ́n bá ti yára jù bẹ́ẹ̀, òòfà ibẹ̀ le. Ibi tí wọ́n bá ti falẹ̀, kò le.

Ẹni tó bá gbé e kì í wọ bẹ́líìtì onírin, kì í fi kọ́kọ́rọ́ tàbí fóònù sápò. Ọmọkùnrin tó ń fi àdá lànà ní láti ṣíwájú jìnnà kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ kejì wà lábẹ́ igi, kò kúrò lójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, torí oòrùn máa ń yí òòfà ilẹ̀ padà, pàápàá lọ́sàn-án gangan, a sì gbọ́dọ̀ yọ ìyẹn kúrò.

Mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá ni mò ń kà á, nanotesla la fi ń wọn bí òòfà ṣe le tó: 33,050 nanotesla. 33,020. Mo gun orí òkúta dúdú kan tó ń dán, mo ṣa ègé kan níbẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ ọlọ. Mo tẹ bọ́tìnnì: 32,610. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò bàjẹ́. Ní Sweden, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ́ńpáàsì wá irin látayébáyé, ńṣe ni òòfà ilẹ̀ dorí kodò wọ ilẹ̀ lọ. Irin tó wà nísàlẹ̀ á fi tirẹ̀ kún un, nọ́ńbà á lọ sókè. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja ni, ó kọrí sí àríwá. Òòfà tí irin ń tú jáde á wá máa gba òkè rẹ̀ padà sí gúúsù, á máa dín ti ilẹ̀ kù. Orí irin gan-an ni nọ́ńbà ti ń wọlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àríwá àti gúúsù ló ti ń ga díẹ̀.

Ọ̀gá tó ń náwó sí iṣẹ́ náà kò gbà. Ibi gíga ni ìwé tó kà wí. Wọ́n gbẹ́ ibi pupa, ọgọ́ta mítà, òkúta lásán ni wọ́n ń fà jáde títí owó fi tán. Mo dúró ti àpótí tí wọ́n to òkúta náà sí, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Láti ibẹ̀ dé ibi búlúù, àwọ̀ tí máàpù fi sàmì sí ibi tí nọ́ńbà ti wọlẹ̀, níbi tí mo ti ka 32,610, kò ju mítà 140 lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, olùkọ́ wa àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kó wa padà síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan wálẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ìwọ̀n kékeré kan ló so rọ̀ mọ́ sípíríǹgì nínú ẹ̀rọ náà; ibi tí òkúta abẹ́ ilẹ̀ bá ti wúwo, á fà á sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Milligal la fi ń wọn agbára yẹn; ìdajì milligal là ń wá nínú bíi 978,000. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí èèyàn bá fi mítà kan péré ga sókè, bíi 0.3 milligal ti dín kù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin la fi wọn gíga ilẹ̀, ọjọ́ méjì la fi ka ẹ̀rọ. Màmá á kúnlẹ̀, á máa yí ẹsẹ̀ mẹ́ta ẹ̀rọ náà títí hóró afẹ́fẹ́ inú gíláàsì á fi dúró sáàárín, á sé èémí, á kà. Lẹ́yìn wákàtí kan a ó padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, torí sípíríǹgì máa ń dẹ̀, òṣùpá àti oòrùn náà sì ń fa tiwọn.

Ibi tí òòfà ti wọlẹ̀ yẹn ni ìfàwálẹ̀ ti ga. Ó tún ga lọ sí ìlà oòrùn, níbi tí òòfà kò ti sọ nǹkan kan. Hematite nìyẹn, irú òkúta irin kan: ó wúwo bíi magnetite, òkúta irin tí òòfà rẹ̀ le, ṣùgbọ́n òòfà tirẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, mítà mọ́kànlá ni òkúta irin ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè ni mo fi dá àbúrò mi lóhùn. Ṣé ilé onípáànù wà nítòsí? Ṣé kò sí ìdàrọ́ àwọn tó ń yọ́ irin láyé àtijọ́ níbẹ̀? Òkìtì ìdàrọ́ lè jọ irin tòótọ́ lórí máàpù. Ibo ni òkúta ibẹ̀ sùn sí? Èyí tó bá sùn láti àríwá sí gúúsù, bí ọ̀pọ̀ òkúta ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lè fara pamọ́, kó jẹ́ orí àti ìdí rẹ̀ nìkan la ó rí. Ṣé ó wọn gíga ilẹ̀?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ló tó fèsì: kò wọn gíga kankan. Sátidé tó ń bọ̀ la jọ ń lọ, láti ibi búlúù la ó ti bẹ̀rẹ̀.