Èmi tí mo ní màlérià ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, eégbọn, ìbátan èyí tí gbogbo wa mọ̀ lára ajá, ló dá mi dùbúlẹ̀ ní South Africa o. A lọ wo ẹranko ní ọgbà ẹranko Kruger, èmi wọ ṣòkòtò péńpé, mo wọnú koríko lọ torí fótò. Lọ́jọ́ keje ara gbóná, orí ń fọ́ mi bíi pé wọ́n ń fi òòlù gbá a, ọrùn le gbagidi, mo ní màlérià ni jàre, mo lo oògùn màlérià, kò lọ, mo tún wá amoxicillin, oògùn apabakitéríà tí mo gbé láti Ìbàdàn, jáde, òfo.

Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí màlérià. Dókítà, ìyá àgbàlagbà kan, ní kí n bọ́ ṣòkòtò. Ojú tì mí! Ẹ̀yìn orúnkún mi ni wọ́n tẹjú mọ́: egbò kékeré kan, àárín ẹ̀ dúdú bí èédú, etí ẹ̀ pupa yíká, kò tiẹ̀ dùn mí rárá, kókó sì ti so sí mi lókè itan. Ibà eégbọn ni wọ́n pè é, bakitéríà kan tó ń jẹ́ Rickettsia africae ló ń fà á, inú sẹ́ẹ̀lì ara ló ń sá pamọ́ sí, ìdí tí amoxicillin ò fi ràn án nìyẹn. Doxycycline 100 mg ni wọ́n kọ fún mi, ọ̀kan láàárọ̀ ọ̀kan lálẹ́, fún ọjọ́ 7, kí n fi omi púpọ̀ gbé e mì, kí n má sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ torí ó lè dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun.

Lọ́jọ́ kejì ibà já, mo ti ń béèrè ẹ̀bà.