Ọmọ mi ka "pectopah"

Lánàá, èmi àti ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ń rìn ní òpópónà Tverskaya ní Mọ́síkò níbí. Ó rí àkọlé РЕСТОРАН, ló bá pariwo: "Dádì, pectopah!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní, "Àdùkẹ́, ilé oúnjẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀ o." Nínú lẹ́tà 33 tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń lò, P ni R, C ni S, H ni N. Ó wò mí bíi pé mò ń purọ́. Kò mọ̀ pé bí èmi náà ṣe kà á nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé.

A dé ìdí ère Pushkin, akéwì wọn; ère náà ti wà láti 1880. Mo sọ fún un pé adúláwọ̀ ni bàbá bàbá ìyá Pushkin, Abram Gannibal: wọ́n mú un kúrò ní Áfíríkà ní kékeré, Ọba Peter tọ́ ọ dàgbà, ó sì di ọ̀gágun.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Dádì, ṣé ó gbọ́ Yorùbá?"

Mo ní rárá o.

"Ah! Ẹni kankan ò kọ́ ọ ni?"