Korobá ìwẹ̀ ọmọ

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ rántí ọjọ́ Jímọ̀ 26 oṣù kẹjọ, 2011? Òjò rọ̀ títí, ìsédò Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá Apẹ̀tẹ̀ wó, omi gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Àwọn tó bá a lọ lé ní 100.

Ramadan ti ń parí lọ nígbà náà. Ní àdúgbò wa, ṣọ́ọ̀ṣì ṣílẹ̀kùn fún àwọn tílé wọn wó, àwọn ìyá Mùsùlùmí sì ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wá síbẹ̀ lákòókò ìṣínu. Aṣọ àlòkù pọ̀ lọ súà. Àfi ìgbà tí ìyá ọlọ́mọ kan fa ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Mọ́mì, ẹ ṣeun fáṣọ o. Mi ò ní korobá tí mo máa fi wẹ ọmọ ni."

Àṣé kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́! Ó dùn mí dé ọkàn. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀ lánàá ló ń rọra tọrọ korobá yìí.

Ojú ẹsẹ̀ ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kiri: korobá, ìkòkò, sítóòfù, ọṣẹ, páàdì àwọn obìnrin. Bàbá tó ń ta ike lójú títì kó korobá tuntun jọ fún wọn, ó lóun ò ní gba kọ́bọ̀.