Ara Ráútà Àtijọ́ Ni Iṣẹ́ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, bí oníbàárà bá pè yín pé Wi-Fi ilé òun ń falẹ̀, òun sì ti ra ráútà tuntun, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ká ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré tú páálí. Ara ti àtijọ́ tó wà lára ògiri ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ilé náà fi ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lò wà: orúkọ Wi-Fi, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, irú ààbò tí wọ́n fi sí i. Bó bá jẹ́ wáyà fáíbà ló wọlé, ó ṣeé ṣe kí orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù PPPoE tí iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fi dá wọn mọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ki abẹ́rẹ́ bọ ihò reset, tó ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó tó kọ ìyẹn sílẹ̀ ti já ilé náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àgàgà bó bá jẹ́ alẹ́ Sátidé tí kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn. Ẹ wo abẹ́ ráútà náà. Nọ́ńbà tí ẹ máa tẹ̀ sínú bráwúsà láti wọlé sí i wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ewé tẹ́ ẹ bá rí. Pásíwọ́ọ̀dù PPPoE kì í sábà fara hàn lójú ewé, nítorí náà ẹ ní kí oníbàárà ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà àtijọ́ náà, kí ẹ wo bó ṣe ń yá sí. Bó bá falẹ̀ lórí wáyà bó ṣe falẹ̀ lórí Wi-Fi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìlà tó ń wọlé ló ní àrùn. Ẹ sọ fún oníbàárà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ti náwó.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ bá àwọn ra ráútà ní Queen Cinema n'Ìbàdàn, ẹ ka ara páálí dáadáa. Ráútà tó ní ìgbì 2.4GHz nìkan, tí wọ́n kọ 300Mbps (bó ṣe yára tó) sí, ìlànà Wi-Fi 4 tó jáde ní 2009 ló sábà máa ń tẹ̀ lé, bó ti wù kí páálí rẹ̀ máa dán tó. Wi-Fi 5 dé ní 2013, wọ́n sì fọwọ́ sí ìlànà Wi-Fi 6 ní 2021. Ẹ wo ihò wáyà rẹ̀ náà: bó bá jẹ́ ti 100Mbps, ẹni tó ń sanwó fún 200Mbps kò lè rí ju 100 lọ.

Ògiri ń kọ́? Ìgbì 5GHz tó wà lára ráútà tuntun yára, ṣùgbọ́n kò lè la ògiri kọjá bíi 2.4GHz. Nínú àwọn ilé alámọ̀ tó nípọn ní agbègbè Màpó, yàrá tó ń rí Wi-Fi tẹ́lẹ̀ lè má rí 5GHz rárá. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ fún ráútà tuntun ní èyí tí ti àtijọ́ ń jẹ́ gan-an, lẹ́tà ńlá bó ṣe wà, àlàfo bó ṣe wà. Mo bá màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ṣe tiwọn ní Òkè-Àdó. Fóònù, tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ẹnu géètì tí ọmọ wọn fi ń wo ilé láti Kánádà, gbogbo rẹ̀ ti padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn kí màmá tó gbé omi wá. Pírintà nìkan ló kọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

"Rárá o, Mà. Kò bàjẹ́."

WPA3, irú ààbò Wi-Fi tó tuntun ju WPA2 lọ, nìkan ni wọ́n yàn sórí ráútà tuntun náà. 2018 ni WPA3 jáde, pírintà Màmá sì ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Mo yí i sí WPA2 àti WPA3 papọ̀; iná tó ń ṣẹ́jú lára pírintà dúró sójú kan, bébà sì jáde.

Àwọn kan lára wa ní ká máa yí pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi padà nígbàkigbà tí ráútà bá yí. Èmi ò fara mọ́ ọn, àfi bí gbogbo àdúgbò bá ti mọ̀ ọ́n, tàbí bí ti àtijọ́ bá ń lo WEP, irú ààbò àtijọ́ tí wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe lè já a láti 2001. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ yí ni pásíwọ́ọ̀dù tí a fi ń wọ inú ráútà fúnra rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní "admin".

Ẹ má ki adápítà àtijọ́ bọ ti tuntun nítorí pé ẹnu wọn bára mu; ọ̀kan lè jẹ́ 9V, kí èkejì jẹ́ 12V. Bákan náà ni bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà bí NEPA bá mú iná lọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ ta ti àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Bí wọn ò bá sì tà á, ó lè gbé Wi-Fi dé yàrá ẹ̀yìn. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì tó yàtọ̀ sí ti tuntun, ẹ so wáyà láti ara ti tuntun mọ́ ihò LAN rẹ̀ (ti àwọn ẹ̀rọ inú ilé), kì í ṣe WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé), kí ẹ sì pa DHCP rẹ̀, èyí tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù àti láptọ́ọ̀pù, kí ẹ̀rọ méjì má baà máa pín àdírẹ́sì nínú ilé kan.