Ibùsùn Wà, Nọ́ọ̀sì Ni Kò Sí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Wọ́n tún ti sún ìsinmi wa síwájú, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwòsàn ń gba Màmá sọ́dọ̀ kí èmi tí mò ń tọ́jú rẹ̀ lè sinmi. Obìnrin tó ń ṣètò ibùsùn nílé ìwòsàn kékeré ìlú wa níbí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló pè mí láàárọ̀. Bó ṣe rọra kí mi ni mo ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ó ní ibùsùn Màmá wà nílẹ̀, kódà wọ́n ti tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n rí fún iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀jẹ́ńsì tó ń bá wọn wá nọ́ọ̀sì ò sì rí ẹlòmíì fi ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ò lè dá wọ́ọ̀dù ṣọ́. Oògùn ìrora tó le bíi mọ́fíìnì, ẹni méjì ló ń jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fún aláìsàn. Bí ẹnì kan bá sì ṣubú nílé ìwẹ̀, ta ni yóò wà lọ́dọ̀ àwọn tó kù? Nítorí náà, wọ́n ti ibùsùn mélòó kan pa, ti àwa tí à ń wá ìsinmi ni wọ́n sì kọ́kọ́ tì.

Mi ò bínú sí i. Ó rẹ òun náà, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀.

Ẹni tí kò bá tọ́jú ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé rí lè rò pé fàájì ni mò ń wá. Oorun ni. Lóru àná, aago mẹ́ta ò tíì lù tí Màmá ti dìde. Ó ti wé gèlè, ó ti di owó sétí ìró, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa ilẹ̀kùn. Ọjà Ọba ló ń lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilẹ̀ ò tíì mọ́."

"Ìwọ ọmọ yìí, àwọn aláta á ti tà tán kí n tó débẹ̀!"

Orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pè mí. A jọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, à ń ṣírò iye tàtàṣé tí a máa rà, títí oorun fi tún gbé e. Nígbà tí aago méje fi máa lù, mo ti wà nídìí iná, mò ń po ògì.

Àwa tí à ń ṣe báyìí láìgba owó oṣù tó mílíọ̀nù márùn-ún ní England àti Wales nínú ìkànìyàn 2021. Òfin ìtọ́jú tí England ṣe ní 2014 ní kí káńsù yẹ ipò ẹni tó ń tọ́jú wò, kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Wọ́n yẹ tèmi wò, ìwé tó sọ pé mo nílò ìsinmi sì wà lọ́wọ́ mi. Owó tí ìjọba ń fún ẹni tó ń fi ó kéré tán wákàtí 35 lọ́sẹ̀ tọ́jú èèyàn di £83.30 lọ́sẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025. Ẹ pín in, kò tó £2.50 ní wákàtí kan. Síbẹ̀, oorun ló ń wù mí ju owó lọ.

Owó ará ìlú ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké yìí láyé àtijọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ti Cranleigh ní Surrey sílẹ̀ ní 1859. Títí dòní, àwọn àgbàlagbà ìlú wa ṣì ń ta kéèkì kí wọ́n lè ra nǹkan sí wọ́ọ̀dù. Àga tí Màmá fẹ́ràn lẹ́bàá fèrèsé, owó kéèkì ni. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fowó kéèkì rà. Ní 2017, ìjọba England dá owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì dúró. Àwọn abiyamọ tí ìbá kọ́ iṣẹ́ náà nítòsí ilé wọn ni ìyẹn bá jù. Wọ́n dá díẹ̀ padà ní 2020, ṣùgbọ́n ọdún tó ti lọ ti lọ. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà: àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé níbí, ti lé ní 10,000.

Ọ̀kan nínú wọn wà ní wọ́ọ̀dù yẹn tẹ́lẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lẹ́nu Màmá, Yorùbá nìkan ló kù. Ọmọbìnrin yìí á kúnlẹ̀ tòun taṣọ iṣẹ́, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Màmá á sì gbé oògùn mì láìjà. Ó ti rí iṣẹ́ tó sàn jù ní ìlú ńlá, mo sì bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà fi wọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ nílé, ìyá ẹlòmíì ló sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ní 2024, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé kí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé wọn fún òkè òkun. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìsinmi wa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé, nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò kú lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀rẹ́ Màmá máa ń rán mi létí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹun kí ọmú tó lè ní wàrà. Bí ẹ̀yìn mi bá kọṣẹ́ lọ́la, ọkọ̀ pàjáwìrì ló máa gbé àwa méjèèjì, ibùsùn méjì la ó sì gbà láìní ọjọ́ tí a ó kúrò. Ìtọ́jú ni ìsinmi yìí. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì rẹ̀ wà lọ́tọ̀, tí wọn ò ní máa fà lọ síbòmíì nígbàkúùgbà tí èèyàn bá dín. Ohun tí mo kọ sí aṣòfin agbègbè wa nìyẹn nírọ̀lẹ́ yìí.

Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ní òun á wá sun ti Màmá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n lè sùn nílé ọ̀rẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, àtẹ̀gùn ilé wa sì ga. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an mà." N óò gbé ibùsùn Màmá wá sísàlẹ̀ kó tó dọjọ́ náà.