Afárá Jẹ́bà, méjì ni

Ará Ìlọrin tó bá ti rin ọ̀nà Mọ́kwá yóò mọ Jẹ́bà: ẹja yíyan lẹ́bàá títì, tírélà tó tò, lẹ́yìn náà omi. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé afárá irin àtijọ́ tí rélùwéè ń gbà yẹn, méjì ni. Ọ̀kan ti apá ìhín lọ sí erékùṣù Jẹ́bà, èkejì ti erékùṣù lọ sí òdìkejì Odò Ọya. Erékùṣù yẹn gan-an ló jẹ́ kí afárá ṣeé ṣe níbẹ̀. Ó la odò sí méjì, ó sì fún àwọn tó ń kọ́ afárá irin yẹn ní ilẹ̀ tí wọ́n lè fẹsẹ̀ tẹ̀ láàárín omi.

Ní 1908 ni rélùwéè láti Èkó dé Ìlọrin. Nígbà tó di 1909 ó ti dé Jẹ́bà, omi sì dá a dúró. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé rélùwéè sọdá, títí afárá fi parí ní 1916.

Bàbá mi wa lọ́rì lọ sókè Ọya láyé ìgbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ àti rélùwéè jọ ń gba orí afárá kan náà. Wọ́n ní tí rélùwéè bá ti ń bọ̀, gbogbo lọ́rì á dúró, awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, ọmọ ọkọ̀ á sáré lọ ra ẹ̀kọ àti ẹja. Ẹni tó bá dé lọ́wọ́ alẹ́ lè sùn síbẹ̀. Lónìí, mọ́tò ti ní afárá tirẹ̀, a kàn ń wo ti irin láti ẹ̀gbẹ́ ni.

Èmi fẹ́ràn erékùṣù náà ju afárá lọ. Ìlú Tápà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú àwọn ère idẹ ńláńlá tí ìtàn Tápà so mọ́ Tsoede, baba ńlá ọba wọn. Jẹ́bà ni Lugard, olórí ìjọba òyìnbó nígbà náà, fi ṣe olú ìlú Àríwá Nàìjíríà fúngbà díẹ̀ kó tó kó lọ sí Zungeru ní 1902. Wọ́n sì gbé òpó ìrántí Mungo Park àti Richard Lander, àwọn òyìnbó tó wá tọpa Odò Ọya, sójú ibẹ̀. Ó dùn mí pé n kò tíì rí orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn lébìrà tó ru irin yẹn.

Bí ẹ bá ní àgbà nílé tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà tàbí ní Jẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá baba tiwọn wà lára àwọn lébìrà náà. Mo fẹ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀.