Script, QuickBooks àti Xero: títọ́jú token OAuth ló níṣẹ́ nínú

Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ kí script (ètò kọ̀ǹpútà kékeré) Python tàbí PowerShell máa bá àwọn ka invoice láti inú QuickBooks Online tàbí Xero, àwọn ìkànnì ìṣirò owó oníṣòwò, ló ń bẹ̀rù ojú ewé tí oníṣòwò ti ń tẹ bọ́tìnnì pé òun fọwọ́ sí i. Ojú ewé yẹn kọ́ ni ìṣòro. Wọ́n á ṣe é, á ṣiṣẹ́, inú gbogbo èèyàn á dùn. Òru ọjọ́ kan ni cron, ètò tó ń pe script lásìkò tí a yàn, á wá pe script náà, tí refresh token (kọ́kọ́rọ́ tí script fi ń padà wọlé) inú fáìlì á ti kú, kò sì ní sí ẹni tó mọ̀ títí dìgbà tí ẹni tó ń ṣe ìṣirò bá ń wá àkọsílẹ̀ oṣù. Torí náà, kíákíá ni màá gba apá ìbẹ̀rẹ̀ kọjá. Ibi títọ́jú token ni màá ti fara balẹ̀.

OAuth 2.0, ìlànà ìfúnni-láṣẹ tí ìwé RFC 6749 ti ọdún 2012 ṣàlàyé, kì í jẹ́ kí script mọ páásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni ìwé owó ló máa fúnra rẹ̀ wọlé lórí ìkànnì Intuit, tó ni QuickBooks, tàbí ti Xero, á rí ohun tí script ń tọrọ, á sì gbà. Script á wá ní nǹkan méjì lọ́wọ́: access token, tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú, tó sì ń bá gbogbo ìbéèrè lọ, àti refresh token, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba access token tuntun wá.

Ìforúkọsílẹ̀

Ẹ lọ sí developer.intuit.com tàbí developer.xero.com, ẹ dá app kan sílẹ̀, ẹ gba Client ID àti Client Secret, ìyẹn orúkọ app náà àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Oríṣi méjì ni Intuit ń fúnni: Development àti Production. Ti Development kò lè ṣí ìwé owó ilé-iṣẹ́ gidi kankan. Sandbox, ilé-iṣẹ́ àfidánwò, nìkan ló wà fún, sandbox yẹn náà sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀, sandbox-quickbooks.api.intuit.com, nígbà tí ti gidi jẹ́ quickbooks.api.intuit.com. Ẹni tó bá mú token ọ̀kan lọ síbi èkejì, wọ́n á dá a padà ni.

Redirect URI, àdírẹ́sì tí browser máa padà sí, tí ẹ kọ sínú app àti èyí tí script ń fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. `http://localhost:8080/callback` kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú `http://localhost:8080/callback/`. Slash ìparí yẹn ti fi òru ọ̀pọ̀ èèyàn ṣòfò. Xero gba localhost, ìyẹn kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀. QuickBooks gbà á fún Development nìkan. Fún Production, https pẹ̀lú orúkọ ìkànnì gidi ni wọ́n fẹ́, wọn ò sì ní fún yín ní kọ́kọ́rọ́ Production láìjẹ́ pé ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọn nípa app náà, kí ẹ sì fi línkì ìwé àdéhùn àti ìlànà àṣírí sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ìkànnì lè lo OAuth 2.0 Playground ti Intuit láti gba refresh token àkọ́kọ́, kó wá gbé e sínú fáìlì script. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn tó ń lo Google Apps Script kò ní ìṣòro yìí rárá, torí https ni redirect tiwọn: `https://script.google.com/macros/d/SCRIPT_ID/usercallback`.

Láti línkì dé token

Línkì àṣẹ QuickBooks ni `https://appcenter.intuit.com/connect/oauth2`, ti Xero ni `https://login.xero.com/identity/connect/authorize`. Ẹ so `response_type=code`, `client_id`, `redirect_uri`, `scope` (ohun tí script lè fọwọ́ kàn) àti `state` mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí state jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣàdédé pilẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bó bá padà dé; bí kò bá bá èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ mu, ẹ má gba code tó bá a wá.

Scope ìwé owó QuickBooks ni `com.intuit.quickbooks.accounting`. Ti Xero pín sí kéékèèké. Ẹ mú èyí tí iṣẹ́ yín nílò nìkan, kí ó jẹ́ èyí tó parí sí `.read` bí script kò bá ní kọ nǹkan kan síbẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbàgbé `offline_access`. Láìsí i, Xero kò ní fún yín ní refresh token. Script á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, ó tán.

Bí oníṣòwò bá ti gbà, browser á padà sí redirect URI pẹ̀lú `code`. Ìgbà kan ṣoṣo ni code ń ṣiṣẹ́, kì í sì í pẹ́: ìṣẹ́jú 5 ni Xero fún un. QuickBooks á tún fi `realmId` kún un, ìyẹn nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí kò sí nínú ìdáhùn tó ń gbé token wá. Xero kì í fi irú rẹ̀ sínú línkì. Bí ẹ bá ti ní access token, ẹ pe `https://api.xero.com/connections`, kí ẹ mú `tenantId`. Ẹ ṣọ́ra o: `id` náà wà níbẹ̀, ti ìsopọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. `tenantId`, nọ́ńbà ilé-iṣẹ́, ló ń wọ header (àkọlé ìbéèrè) `Xero-tenant-id`.

Ibi tí ẹ ti máa fi code gba token ni `https://oauth.platform.intuit.com/oauth2/v1/tokens/bearer` fún QuickBooks, àti `https://identity.xero.com/connect/token` fún Xero. POST ni, header rẹ̀ jẹ́ Basic pẹ̀lú base64 ti `client_id:client_secret`, ara rẹ̀ sì jẹ́ form. Kì í ṣe JSON. Nínú Python, `data=` ni kí ẹ lò, ẹ má lo `json=`. Ní PowerShell, bí ẹ bá fún `Invoke-RestMethod -Method Post` ní hashtable gẹ́gẹ́ bíi `-Body`, òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ di form. Àwọn tó ń fi bash ṣe é ló máa ń rí `invalid_client` láìmọ ohun tí wọ́n ṣe: `echo` ń fi ìlà tuntun kún òpin secret kó tó di base64. Ẹ lo `printf '%s'`, kí ẹ sì fi `-w 0` kún `base64` lórí Linux, torí ó máa ń ṣẹ́ ìlà tó bá gùn ju lẹ́tà 76 lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ pín script fún àwọn ẹlòmíràn láti lò lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ẹ má fi Client Secret sínú rẹ̀. PKCE ti RFC 7636, ọ̀nà tí kò nílò secret, ni Xero ní fún irú ìyẹn: script á ṣe `code_verifier` tó gùn tó lẹ́tà 43 sí 128, á fi SHA-256 rẹ̀ ṣọwọ́ ní base64url láìsí àmì `=` lẹ́yìn, verifier gan-an á wá tẹ̀ lé code nígbà tó bá ń gba token.

Ibi tí iṣẹ́ wà

Access token QuickBooks ń lo ìṣẹ́jú 60, ti Xero ń lo 30. Refresh token QuickBooks lè wà fún ọjọ́ 100 láìlò. Ti Xero, ọjọ́ 60. Nọ́ńbà wọ̀nyí kọ́ ló ń pa script. Ohun tó ń pa á ni pé refresh token máa ń yí padà. Lọ́dọ̀ Xero, gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó ni tuntun ń jáde, tí àtijọ́ sì ń kú, àfi ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n fi sílẹ̀ bóyá ìdáhùn sọnù lójú ọ̀nà. Lọ́dọ̀ QuickBooks, ó máa ń yí ní nǹkan bíi wákàtí 24 sí ara wọn, nítorí náà ẹ lè tún un gbà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárọ̀ kan kó jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ wá rò pé kì í yí. Ọjọ́ kejì ló máa yí, script tó ń ka refresh token láti inú ìlà tí ẹ tẹ̀ mọ́ inú kóòdù kò sì ní mọ̀ rárá. Ohunkóhun tí ìdáhùn bá gbé wá, òun ni kí ẹ fi pamọ́, yálà ó jọ ti tẹ́lẹ̀ tàbí kò jọ ọ́.

Ẹ fi token tuntun pamọ́ kí ẹ tó pe API (ibi tí script ti ń ka ìwé owó). Bí ẹ bá kọ́kọ́ lọ ka invoice, tí íntánẹ́ẹ̀tì já láàárín, script á kú pẹ̀lú token tuntun nínú ikùn. Ẹ má sì kọ ọ́ tààrà sórí fáìlì àtijọ́, torí bí iná bá lọ nígbà tó kọ ìdajì, àti àtijọ́ àti tuntun ti lọ nìyẹn. Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyí:

```python
r = requests.post(TOKEN_URL, auth=(CLIENT_ID, CLIENT_SECRET),
    data={"grant_type": "refresh_token",
          "refresh_token": t["refresh_token"]}, timeout=30)
r.raise_for_status()
t.update(r.json())
t["expires_at"] = time.time() + t["expires_in"] - 120
with open("token.tmp", "w") as f:
    json.dump(t, f)
    f.flush()
    os.fsync(f.fileno())
os.replace("token.tmp", "token.json")
```

`t.update` ni mo lò kí realmId tàbí tenantId tó wà nínú fáìlì má bàa pòórá. Ìṣẹ́jú méjì tí a yọ kúrò ń gbà wá lọ́wọ́ token tó bá kú láàárín ọ̀nà. Library wà fún gbogbo èyí, àmọ́ fún script ìlà 50, `requests` lásán tó lójú tèmi: library á bá yín gba token, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, ọrùn yín ló ṣì wà.

Script méjì kò gbọdọ̀ tún token kan náà gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí cron bá pe ti invoice àti ti owó tó wọlé ní aago kan, àwọn méjèèjì á ka refresh token kan náà, ọ̀kan á kọ tirẹ̀ lé ti èkejì lórí. Ẹ fi `flock`, tó ń jẹ́ kí script kan dúró de èkejì, dè é lórí Linux, tàbí kí ẹ jẹ́ kí script kan ṣoṣo máa ṣe ìtúngbà, kí àwọn yòókù kàn máa ka fáìlì. Nínú Apps Script, ẹ fún library OAuth2 ní `LockService` nípasẹ̀ `setLock`, àti `PropertiesService` nípasẹ̀ `setPropertyStore`.

Ní ti ibi ìpamọ́, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Fáìlì token kò gbọdọ̀ dé inú Git (ibi ìtọ́jú kóòdù), `chmod 600` ni kí ó jẹ́, kí secret sì wà lọ́tọ̀. Lórí Windows, `Export-Clixml` máa ń fi kọ́kọ́rọ́ DPAPI, ètò ìfipamọ́ ti Windows, pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ di SecureString mọ́, kọ́kọ́rọ́ yẹn sì so mọ́ orúkọ ẹni tó wọlé àti kọ̀ǹpútà yẹn nìkan. Bí ẹ bá fi orúkọ tiyín ṣe é, tí Task Scheduler sì ń fi orúkọ mìíràn pe script, kò ní lè ṣí i. Bó bá jẹ́ inú container (àpótí ètò tí wọ́n lè pa rẹ́ kí wọ́n tún un dá) ni script ń gbé, fáìlì á parẹ́ bí wọ́n bá tún container dá. Ìta ni token gbọ́dọ̀ wà.

Bí ẹ bá ti wọlé

Query (ìbéèrè àkọsílẹ̀) QuickBooks ń dá àkọsílẹ̀ 100 padà bí ẹ ò bá sọ iye, 1000 ló pọ̀ jù. Ẹ kọ `STARTPOSITION 1 MAXRESULTS 1000`, kí ẹ máa tẹ̀ síwájú títí ohun tó bá wá fi dín sí 1000. Ìṣirò tó kù díẹ̀ káàtó nítorí èyí burú ju èyí tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ, torí kò sí àṣìṣe tó máa fara hàn. Lọ́dọ̀ Xero, ẹ fi `Accept: application/json` ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ XML ló lè dé bá yín, ẹ lo `page=1`, kí ẹ sì lo `If-Modified-Since` kí ẹ má bàa máa kó gbogbo ìwé lójoojúmọ́. Ìbéèrè 60 ni Xero gbà láàárín ìṣẹ́jú kan fún ilé-iṣẹ́ kan, QuickBooks gba 500. Bí 429 (ìbéèrè ti pọ̀ jù) bá dé, ẹ ka `Retry-After` bó bá wà níbẹ̀, ẹ dúró.

Ẹni tó ń kọ nǹkan síbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rántí pé bí ìdáhùn bá sọnù, tí script tún un ṣe, invoice á di méjì. `requestid` nínú línkì QuickBooks àti header `Idempotency-Key` ti Xero ló ń dènà ìyẹn. Bí ẹ bá ń ṣàtúnṣe nínú QuickBooks, `SyncToken` (nọ́ńbà ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà) tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àṣìṣe 5010 á dé. Ẹ sì fi `"sparse": true` kún un, láìsí i, gbogbo ohun tí ẹ kò dárúkọ lè di òfìfo.

Bí 401 (wọn ò gba token yín) bá dé, ẹ tún token gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tán síbẹ̀. 403 (ẹ ò ní àṣẹ) sábà máa ń jẹ́ tenantId tí kò tọ̀nà. `invalid_grant` kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀: refresh token ti kú tàbí oníṣòwò ti yọ app kúrò. Kí script dá dúró, kó fi íméèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó lè tún un so.

Script tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ á máa kú lọ́dọ̀ Xero láìyẹ̀, torí ọjọ́ 60 kò dé ibẹ̀. Lọ́dọ̀ QuickBooks, díẹ̀ báyìí ló fi ń dé. Ẹ fi cron kan tó ń ṣe ìtúngbà nìkan sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀ lọ, ẹ sọ `expires_at` inú fáìlì di 0, ẹ sì ṣe script náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 35, ẹ tún sọ ọ́ di 0, ẹ tún ṣe é. Bí èkejì bá kọ̀ lọ́dọ̀ Xero, token tuntun kò dé inú fáìlì. Ti QuickBooks, ọjọ́ kejì ni kí ẹ ti ṣe ìdánwò yẹn.